ÀWỌN ARÁ YUNIFÁSÍTÌ TÍ Ń WÁ SÍ OKO KÒKÓ WA

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ìdànrè)

 Ẹni tó ti oko dé, tí kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀, tó tún gbé ìwé lọ́wọ́ wá sí kíláàsì, ẹni iyì ni. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ oko yín ni, ọ̀rọ̀ ara yín sì ni pẹ̀lú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá láti yunifásítì sí àwọn abúlé oníkòkó ní ilẹ̀ wa. Ẹ ti rí wọn. Wọn a gbé mọ́tò wá, wọn a mú ìwé àti gègé lọ́wọ́. Ọ̀kan a bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá. Ọ̀kan a bu omi kànga sínú ìgò. Ọ̀kan a jókòó ti àgbẹ̀, a sì máa bi í pé: Bàbá, ọdún mélòó lẹ ti ń fín kòkó? Kí lẹ máa ń wọ̀ bí ẹ bá ń fín in? Ṣé orí máa ń fọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀? Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, dókítà a wà láàárín wọn tí yóò fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá.

Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, àbá a bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a ní òyìnbó ló rán wọn. Àwọn kan a ní ìjọba fẹ́ fi mọ iye owó orí tí yóò gbà ni. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní wọ́n fẹ́ lọ ta ẹ̀jẹ̀ náà ni. A kò wá láti sọ fún yín pé kí ẹ gba gbogbo àlejò gbọ́. A kò sì wá láti ní kí ẹ lé wọn. Ohun tí a fẹ́ ni kí ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó bi wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó tó ń di dúdú. Kò sí àgbẹ̀ Ìdànrè tí kò mọ àrùn yìí, bẹ̀rẹ̀ láti Odòde títí dé Àlàdé àti Atọ̀sìn. Bí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, tí oòrùn kò ràn, èso kòkó tó ń dán lánàá a ní àmì dúdú kékeré kan lára. Àmì náà a máa fẹ̀. Láìpẹ́ ọjọ́, gbogbo èso náà a dúdú bí èédú, hóró inú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé òjò ló ń mú un jà. Òótọ́ ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni àrùn náà ń sá pamọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ọ̀nà wo ló sì ń gbà gun igi?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa da àwọn onímọ̀ láàmú. Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí, wọ́n dá ilé ìwádìí kòkó kan sílẹ̀ ní Tafo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí a gba òmìnira tán, tiwa dá dúró ní ọdún 1964. Òun ni Ilé Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tó wà ní Gàmbàrí, lẹ́bàá Ìbàdàn. CRIN ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ara wọn jọ sí láàárín ọdún 1970 sí 1980, láti wo ìdí kòkó dúdú. Ọ̀gbẹ́ni P. H. Gregory ló ṣáájú wọn. Bàbá àgbà ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa bí àrùn igi ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ rìn. Àwọn oníléeṣẹ́ ṣokoléètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sí ìnáwó iṣẹ́ náà. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu: bí kòkó wa bá dúdú tán lórí igi, kí ni wọn yóò fi ṣe ṣokoléètì?

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò jókòó sínú ilé. Wọ́n lọ sábẹ́ igi kòkó. Ẹni tó mọ̀ nípa òjò ń wọn òjò. Ẹni tó mọ̀ nípa kòkòrò ń ṣọ́ èèrà. Ẹni tó mọ̀ nípa àrùn ń ka èso tó dúdú, ó ń kọ ọjọ́ tó dúdú sílẹ̀ àti ibi tó wà lórí igi. Wọ́n rí i pé inú ilẹ̀, lábẹ́ igi gan-an, ni àrùn náà ń gbé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀kán omi a ta erùpẹ̀ sókè, erùpẹ̀ a kan èso tó wà nísàlẹ̀. Èyí rọrùn láti yé ni. Ṣùgbọ́n èso tó wà lókè ńkọ́, tí ẹ̀kán omi kò lè dé? Èèrà ni! Àwọn èèrà kan wà tí wọ́n máa ń ru erùpẹ̀ láti ilẹ̀ gun igi, tí wọ́n fi ń kọ́ ilé sí ara igi àti sí ìdí èso. Wọ́n ru erùpẹ̀, wọ́n ru àrùn mọ́ ọn. Láti ara èso kan tó ti dúdú lókè, omi òjò a máa ṣàn wá sára àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ìwé tí wọ́n kọ lórí iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1981. Ṣáájú rẹ̀, ní 1979, àwọn onímọ̀ méjì ti fi hàn pé irú àrùn tó le jù ní apá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ìkan náà pẹ̀lú èyí tó wà káàkiri ayé. Wọ́n sọ ọ́ ní Phytophthora megakarya. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí orúkọ yẹn, àwa pàápàá ní láti mí kanlẹ̀ kí á tó pè é. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni wọ́n ti rí i. Igi kòkó ti òkè òkun wá bá a níbí.

Ǹjẹ́ ẹ rí èrè rẹ̀? Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má fi èso dúdú sílẹ̀ lórí igi, kí ẹ máa ká a kúrò léraléra nígbà òjò, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tó ṣú jù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ pa yín. Èso dúdú kan tí ẹ fi sílẹ̀ lókè, ìyá àrùn ni.

Ẹnìkan ṣoṣo kò lè rí gbogbo èyí. Ẹni tó mọ òjò kò mọ èèrà, ẹni tó mọ èèrà kò mọ àrùn. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí àwọn ará yunifásítì ń pè ní ìwádìí àjùmọ̀ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tiwa, a ó fi ẹnìkan kún un: àgbẹ̀ tó ni oko. Bí wọn kò bá bi àgbẹ̀, wọn kò ní mọ ibi tí èèrà wà.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ le.

Kòkòrò kan wà tó máa ń fa omi ara igi kòkó àti ti èso rẹ̀, títí ẹ̀ka a fi gbẹ. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ wá oògùn rẹ̀, wọ́n rí i. Oògùn náà ni Gammalin 20. Ẹ̀yin àgbà tó wà níhìn-ín, ẹ kò gbàgbé òórùn rẹ̀, àbí? Láti nǹkan bí ọdún 1957 lọ, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń tà á fún àgbẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Kòkòrò kú lóòótọ́. Kòkó sì so. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni owó kòkó ìgbà náà rán lọ sí ilé-ìwé, àwa tí a ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kò lè sẹ́ èyí.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà, oògùn náà kò ran kòkòrò mọ́ níbi púpọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára. Oògùn tí kò ran kòkòrò mọ́, kò dẹ́kun láti máa ran ènìyàn. Àwọn kan ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Àwọn kan ń bù ú sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ikú ń wọlé láti inú ìkòkò ọbẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti mú oògùn inú Gammalin kúrò nínú oko káàkiri ayé. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn láti wo ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sọ pé ó lè fa jẹjẹrẹ sára ènìyàn. Òmíràn tí àgbẹ̀ kòkó tún lò gan-an, endosulfan, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé e lórí ní 2011.

Ẹnìkan lè sọ pé: àwọn onímọ̀ ló mú un wá, àwọn onímọ̀ ló tún ní kí á má lò ó mọ́, ta ni kí á gbọ́? Ìbéèrè gidi ni. Èsì tí a ní ni pé ìmọ̀ kì í dúró lójú kan. Ohun tí a mọ̀ ní 1957 kọ́ ni a mọ̀ ní 2009. Bí kì í bá ṣe pé àwọn kan tún padà wá sí oko láti wádìí, Gammalin ni à bá ṣì máa fín di òní.

Àwọn wo ló padà wá? Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, àwọn olùkọ́ láti yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ wà nínú wọn. Àwọn tó mọ̀ nípa kòkòrò oko pa pọ̀ mọ́ dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, wọ́n lọ bá àwọn àgbẹ̀ kòkó ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì bu omi tí wọ́n ń mu nílé. Ìwé wọn jáde ní ọdún 2008. Nínú àgbẹ̀ 76 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 42 ni wọ́n bá oògùn kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. 42 nínú 76. Ó ju ìdajì lọ. Gammalin wà nínú ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n bá oògùn nínú omi pẹ̀lú, omi tí ìyàwó àti ọmọ ń mu, àwọn tí kò gbé pọ́ńpù kọ́ èjìká rí.

Ní yunifásítì Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, àwọn olùkọ́ wà tó yẹ ilẹ̀ oko kòkó wò ní àárín Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwé wọn jáde ní 2012. Wọ́n bá ìyókù àwọn oògùn àtijọ́ nínú ilẹ̀. Ẹ rí i pé oògùn tí bàbá fín, ọmọ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Báwo ló ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀? Ọ̀pọ̀ rò pé imú nìkan ló ń gbà wọlé. Wọ́n á so aṣọ mọ́ imú, wọ́n á bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ nítorí ooru. Ará wa, awọ ara ni ọ̀nà tó fẹ̀ jù! Pọ́ńpù tó ń jò sí ẹ̀yìn, ọwọ́ òfìfo tí ẹ fi po oògùn, ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ fín kòkó láàárọ̀ tí ẹ tún wọ̀ jẹun lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà. A ti fi ojú ara wa rí ẹni tó ń fọ pọ́ńpù nínú odò, tí àwọn ọmọ ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ odò kan náà. A ti rí ìgò oògùn tí wọ́n fi ń ra epo lọ́jà. Kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tí yóò mọ́ tó fún ohun jíjẹ. Ẹ lù ú ní ihò kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ epo yìí tún mú nǹkan mìíràn wá sí wa lọ́kàn. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì mu oògùn kòkó, àṣà wa ni pé kí á sáré fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Irú oògùn bíi Gammalin àti endosulfan, inú ọ̀rá ni wọ́n ń yọ́ sí. Epo a tún ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wọnú ara ni. Ẹ má sì fi agbára mú un bì. Bó bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání. Ohun tí a kọ sí ara ìgò ni dókítà yóò fi mọ ohun tí yóò ṣe.

Ara ìgò! Ibí ni ìwé kíkà yín ti ń ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ìgò oògùn oko, àwọ̀ kan máa ń wà nísàlẹ̀ bèbà rẹ̀. Pupa ni èyí tó burú jù. Yẹ́lò tẹ̀lé e. Búlúù tẹ̀lé yẹ́lò. Gíríìnì ló rọ̀ jù, síbẹ̀ kì í ṣe omi mímu. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ wá iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn fínfín kí ẹ tó ká kòkó. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ohun ṣeréṣeré, nítorí láti oṣù September 2008 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n sí iye oògùn tí wọ́n lè gbà nínú hóró kòkó. Ẹni tó fín lónìí tó ká lọ́la, kòkó gbogbo wa ló ń bà jẹ́ lójú àwọn tí ń rà á.

Kì í ṣe ohun búburú nìkan ni wọ́n ń wá kiri o. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé eérú èèpo kòkó dára fún ọṣẹ dúdú. Ẹ kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ní yunifásítì. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ mú eérú yìí kan náà, wọ́n dán an wò gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣe ilẹ̀ àti irúgbìn lóore. Èèpo tí à ń kó jọ sí eteetí oko, tí àrùn dúdú fi ń ṣe ilé, ó lè di ohun tí ń bọ́ àgbàdo.

Ọ̀rọ̀ igbó náà kù. Gbogbo wa la mọ ẹwà Òkè Ìdànrè, ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn ni àlejò ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gbé. Ní ìsàlẹ̀ òkè, igbó ni. Igbó ìjọba wà ní agbègbè wa pẹ̀lú, oko kòkó sì ti wọnú rẹ̀. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níhìn-ín, a mọ̀ pé ọmọ ń pọ̀, ilẹ̀ kò sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan: kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù December ọdún 2020 wá, wọn kò ní gbà á. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ wọn kò fagi lé e. Nítorí rẹ̀ ni ẹ ṣe ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi fóònù yí oko ká. Ibi tí oko wà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n lẹ́ni tó rán wọn, ẹ sì bi wọ́n pé ta ni yóò fi ìwé náà pamọ́.

Èyí ló mú wa dé orí ẹ̀tọ́ yín. Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, tí a ṣe ní ọdún 2014, sọ ọ́ gbangba: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ara ènìyàn ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ń wá, àti ohun tó lè ṣe sí ara onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ nínú ìwé. Nínú ìwé ni òfin wí. Láyé ijọ́un, wọn a nawọ́ bèbà sí bàbá, wọn a ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ka síbí." Bàbá a tẹ̀ka, kò mọ ohun tó tẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ gba bèbà náà, ẹ kà á. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní ẹ kò fẹ́, kò sí ẹni tó lè fìyà jẹ yín. Bí ẹ bá sì gbà, ẹ fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ.

Ohun kan wà tó ń dùn wá. Àwọn kan wá sí abúlé kan tí a mọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. A kò rí wọn mọ́ di òní. Àwọn àgbẹ̀ náà kò mọ̀ bóyá oògùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí kò sí. Ìwé ti lè jáde ní òkè òkun, kí àwọn ọlọ́gbọ́n ti máa kà á, ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Kò dára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó na apá, ẹ bèèrè pé: Ọjọ́ wo lẹ ó padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa? Ta ni kí á pè bí ẹ kò bá dé? Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lójú wọn. Onímọ̀ rere kò ní bínú sí i. Inú rẹ̀ yóò tilẹ̀ dùn.

Ní kíláàsì wa tó ń bọ̀, bèbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn kòkó ni a ó kà. Ẹ má gbé ìgò wá o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ wá. A ti da ohun tó wà lára mẹ́ta kọ sínú ìwé ńlá. Ẹni tó bá ní bèbà ìyọ̀ǹda tí àwọn ará yunifásítì fi sílẹ̀ fún un, kó mú un wá, a ó jọ kà á. Kí olúkúlùkù sì kọ ìbéèrè mẹ́ta tó fẹ́ bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá tún dé, kó fi gègé kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù.